Bí A Ṣe Ń Ṣèbẹ̀wò sí Àwọn Tẹ́ńpìlì Agbègbè Kumbakonam Láàárín Ọjọ́ Mẹ́rin

Ìkòkò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìlú Kumbakonam. Wọ́n ní nígbà tí omi bo gbogbo ayé, ìkòkò kan tí omi ìyè wà nínú rẹ̀ léfòó títí ó fi gúnlẹ̀ síbẹ̀. Shiva, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá ẹlẹ́sìn Híńdù, ta á ní ọfà, ìkòkò fọ́, ohun inú rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Kumbha ni ìkòkò ń jẹ́ ní èdè Sanskrit, ibẹ̀ ni orúkọ ìlú náà ti wá. Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà ni Kumbakonam wà, létí odò Kaveri, ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí Chennai.

Tẹ́ńpìlì pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ dé gbogbo wọn, ẹsẹ̀ wíwú ló máa gbé padà sílé. Kí ẹ mú díẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó, ni mo máa gbà yín níyànjú. Bí màá ṣe tò ó fún ẹni tí mo fẹ́ràn rèé.

1. Ẹ múra kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ ti gba físà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá yẹ́lò káàdì yín. Íńdíà kì í fi ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú ṣeré rárá: ẹni tó bá ti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò dé gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kó tó wọ ìlú wọn. Ẹni tí kò bá ní káàdì náà lọ́wọ́, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé London, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Bí kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ kúrò ní Èkó, wọ́n máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta ló dáa jù láti lọ. Òjò ńlá apá ibẹ̀ máa ń rọ̀ láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejìlá. Láti oṣù kẹrin lọ, oòrùn yóò mú gan-an, ẹ óò sì rántí ọ̀rọ̀ mi nígbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ lásán mọ́ òkúta àgbàlá tẹ́ńpìlì lọ́sàn-án gangan.

2. Kumbakonam ni kí ẹ sùn sí

Thanjavur ló lórúkọ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dé sí. Àmọ́ Kumbakonam ló wà láàárín gbogbo ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé. Thanjavur kò ju 40 kìlómítà lọ síbẹ̀, Gangaikonda Cholapuram jẹ́ nǹkan bí 35 kìlómítà, Darasuram sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àdúgbò kan lára ìlú náà. Ọkọ̀ ojú irin ń ti ibùdókọ̀ Egmore ní Chennai lọ síbẹ̀ tààrà, Tiruchirappalli sì ni pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ óò máa gùn nínú ìlú kò ní ṣàjèjì sí yín. Márúwá ni! Ọ̀pọ̀ lára èyí tó ń sáré lójú títì wa, iṣẹ́ ọwọ́ Bajaj, ilé iṣẹ́ ará Íńdíà, ni. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó wọlé jókòó.

3. Ẹ kọ́ ìṣe ilé òrìṣà

Ibí yìí ni àlejò ti máa ń kọsẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì ibẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, wọn kì í sì í ṣí i títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àkókò ìsinmi òrìṣà ni wọ́n ka ìyẹn sí. Nítorí náà, ẹ jáde ní kùtùkùtù, kí ẹ fi ọ̀sán jẹun kí ẹ sì sùn, kí ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́.

Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń bá ènìyàn ṣọ́ ọ fún owó kékeré. Wọ́n gbà kí ènìyàn wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ mú un dání. Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ni kí ọkùnrin àtobìnrin wọ̀. Bí ẹ bá ń yí ojúbọ ká, ọwọ́ ọ̀tún yín ni kó wà níhà ibi tí òrìṣà wà. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni kí ẹ fi gba eérú tàbí òdòdó tí àwòrò bá fún yín. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní èyí.

Ẹ má ya fọ́tò inú yàrá òrìṣà. Àwọn tẹ́ńpìlì kan sì wà tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù kò gbọdọ̀ kọjá ibì kan. Bí ẹ bá rí i, ẹ dúró síbẹ̀ láìjiyàn. Àwa náà mọ̀ pé igbó orò kì í ṣe ti gbogbo ayé.

4. Ọjọ́ kìíní: ẹ fi ẹsẹ̀ rìn nínú ìlú

Adi Kumbeswarar ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ilé ìtàn ìkòkò yẹn nìyẹn. Wọ́n gbà gbọ́ pé Shiva fúnra rẹ̀ ló fi iyanrìn àti omi ìyè mọ ère tó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í da omi sí i lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe níbòmíì. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Sarangapani, ilé Vishnu, òrìṣà ńlá Híńdù mìíràn. Ẹnu-ọ̀nà gogoro rẹ̀ ni ẹ óò ti máa rí láti òkèèrè. Àmọ́ inú ni kí ẹ wọ̀: wọ́n gbẹ́ yàrá òrìṣà náà bíi kẹ̀kẹ́ ẹṣin, pẹ̀lú ẹṣin àti erin tó ń fà á.

Lójú ọ̀nà tó dojú kọ Sarangapani ni ilé kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá láìmọ̀. Ibẹ̀ ni Srinivasa Ramanujan dàgbà sí, ọ̀gá onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní 1887, tó kú ní 1920 lẹ́ni ọdún 32. Ẹni tí kò gba oyè yunifásítì kankan nílé, ìwé tó kọ ránṣẹ́ sí Cambridge ló gbé e dé òkè òkun. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ jẹ́ kó rí ibi tí irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ti hù jáde.

Nírọ̀lẹ́, ẹ jókòó sétí adágún Mahamaham, tí ilé òkúta kéékèèké 16 yí ká. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 12 ni ọ̀pọ̀ èrò máa ń rọ́ wá wẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó kọjá wáyé ní 2016, ó di 2028 kó tún tó wáyé. Ẹni tí kò lè fara da èrò kò gbọdọ̀ fi ìrìn àjò rẹ̀ sí àkókò yẹn.

Ní ti oúnjẹ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ sí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ẹ béèrè vadai. Ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀ tí wọ́n dín, wọ́n dá ihò sí i láàárín, ẹni tó bá fẹ́ràn àkàrà máa dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílùú, ẹ mu kọfí wọn tó ní wàrà nínú, nínú ife idẹ.

5. Ọjọ́ kejì: Darasuram, lẹ́yìn náà Swamimalai

Bó bá jẹ́ tẹ́ńpìlì kan péré lẹ lè wò, Airavatesvara ní Darasuram ni kí ẹ wò. Ọba Rajaraja Kejì, láti ìdílé àwọn ọba Chola tó ń jọba lágbègbè yìí láyé àtijọ́, ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìlá. Kò tóbi tó ti Thanjavur, àmọ́ kò sí ibi tí ọwọ́ agbẹ́kùúta kò dé lára rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n gbẹ́ màlúù àti erin sí, tí àwọn méjèèjì jọ ní orí kan ṣoṣo. Ẹ fi ọwọ́ bo apá kan, màlúù lẹ óò rí; ẹ bo apá kejì, ó di erin. Gbọ̀ngàn iwájú náà ní àgbá kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin lára bí ohun tó fẹ́ gbéra. Ẹ fún un ní wákàtí méjì ó kéré tán.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí Swamimalai, ọ̀kan nínú ilé mẹ́fà tí àwọn Tamil kà sí ti Murugan, ọmọ Shiva. Àtẹ̀gùn 60 ló gbé ènìyàn dé òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ọdún kan nínú ọdún 60 tí kàlẹ́ńdà wọn fi ń yípo. Ṣùgbọ́n isàlẹ̀ ni ọkàn tèmi wà, níbi tí àwọn asúdẹ ń gbé.

Ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ ère. Wọ́n á fi amọ̀ etí odò Kaveri bò ó, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á yáná sí i kí ìda lè yọ́ jáde, kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí ihò tó ṣẹ́ kù. Tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀. Nítorí pé wọ́n ti fọ́ ọ, ère méjì kì í jọra délẹ̀délẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn bàbá wa gbà rọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀, èyí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tiwa ní ihò nínú, torí wọ́n fi amọ̀ sí àárín ìda. Ère Swamimalai kún fọ́fọ́. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọ ilé iṣẹ́ wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n ṣàlàyé.

6. Ọjọ́ kẹta: Thanjavur

Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọba Rajaraja Kìíní ló kọ́ tẹ́ńpìlì Brihadisvara, ó sì parí ní 1010. Akọ òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dókè, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ abàtà onírẹsì ni gbogbo àyíká náà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó òkúta wá. Ilé gogoro orí yàrá òrìṣà ga tó nǹkan bí 60 mítà. Ẹnìkan lè sọ fún yín pé òjìji rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Kì í ṣe òótọ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ óò fi ojú ara yín rí i.

Ẹ má jẹ́ kí gíga rẹ̀ mú kí ẹ gbàgbé ìsàlẹ̀. Ẹ wo ara ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìwé Tamil ni wọ́n gbẹ́ yí i ká. Ẹ̀bùn tí ọba fúnra rẹ̀ mú wá wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ti àwọn ayaba náà wà níbẹ̀. Àwọn oníjó obìnrin 400 tí wọ́n kó wá sin tẹ́ńpìlì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn àti ilé tí wọ́n fún kálukú. Àwa fi oríkì gbé orúkọ pamọ́ sẹ́nu àwọn ìyá wa. Àwọn wọ̀nyí gbé e pamọ́ sára òkúta, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ẹ kọjá sí ààfin ìlú náà, níbi tí àwọn ère idẹ ìgbà ọba Chola wà, pẹ̀lú ilé ìkàwé Saraswathi Mahal tó tọ́jú ìwé tí wọ́n kọ sórí imọ̀ ọ̀pẹ.

7. Ọjọ́ kẹrin: Gangaikonda Cholapuram

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí sẹ́yìn, torí ó yẹ kí ẹ ti rí iṣẹ́ bàbá kí ẹ tó rí ti ọmọ. Rajendra, ọmọ Rajaraja Kìíní, rán ọmọ ogun dé ilẹ̀ odò Ganges, ó sì tẹ olú ìlú tuntun dó tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìlú Chola tó gba Ganges. Tẹ́ńpìlì tó kọ́ síbẹ̀ kò ga tó ti bàbá rẹ̀. Ti bàbá nà ró ṣánṣán bí ọ̀pá. Ti ọmọ rọra tẹ̀ wọnú bó ti ń lọ sókè.

Abúlé lásán ló yí i ká báyìí, èrò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá, nítòsí àtẹ̀gùn. Wọ́n gbẹ́ Shiva síbẹ̀ níbi tó ti ń fi òdòdó wé orí olùfọkànsìn rẹ̀, Chandesha, tó kúnlẹ̀ tó sì pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Rajendra fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi èyí sọ. Ẹ wo ojú ẹni tó kúnlẹ̀ náà dáadáa, kí ẹ tó lọ dúró de bọ́ọ̀sì Kumbakonam lójú títì.