Ọkọ̀ Dísù: Ta Ló Ń Pa Owó Mọ́ Fún, Ta Ló Sì Ń Jẹ Lówó?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ dísù torí owó epo, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: níbo ni mo máa ń wa ọkọ̀ lọ? Ọkọ̀ kan náà tó ń pa owó mọ́ fún ẹni tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lè sọ ẹni tí kì í kọjá Takie sí LAUTECH, nínú Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, di oníbàárà mẹkáníìkì.

Pé dísù kì í jẹ epo púpọ̀, òótọ́ ni, ó sì nídìí. Agbára tó wà nínú lítà dísù kan fi bíi ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ju ti bẹntiróòlù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Atẹ́gùn ni písítìnì ń fún mọ́ra títí á fi gbóná débi pé epo tí nọ́sùlù bá tu sínú rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn tó kún àyè bíi 16 sí 20 ló ń tẹ̀ wọ àyè kan ṣoṣo. Ti bẹntiróòlù kì í sábà ju 9 sí 11 lọ. Bí ìfúnmọ́ra yẹn bá ṣe le tó ni iṣẹ́ tí à ń rí gbà lára epo ṣe ń pọ̀ tó. Rudolf Diesel, ará Jámánì tó ronú rẹ̀, ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897, ọ̀nà yẹn náà la sì ń gbà títí dòní.

Ìṣirò kí owó tó jáde

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ gbọ́ lórí iye epo tó ń jẹ. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ irú rẹ̀ yá lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ kún táǹkì rẹ̀ títí pọ́ǹpù á fi dá epo dúró fúnra rẹ̀, kí ẹ kọ iye kìlómítà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹ wà á bí ẹ ṣe máa ń wa ọkọ̀ yín, kí ẹ padà sí ilé epo yẹn, ní ojú pọ́ǹpù kan náà, kí ẹ tún un kún. Ẹ pín kìlómítà tí ẹ rìn sí iye lítà tó wọlé. Bí kìlómítà 420 bá gba lítà 30, á jẹ́ pé kìlómítà 14 ni lítà kan ń gbé yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́, torí pé bí ọkọ̀ bá dagun díẹ̀ nílé epo, iye tó wọ táǹkì á yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó lítà kan sí iye kìlómítà yẹn. Ká ní bẹntiróòlù jẹ́ ₦1,000, kí dísù jẹ́ ₦1,190. Iye àpẹẹrẹ ni o. Èyí tó wà lójú pọ́ǹpù lónìí ni kí ẹ lò. Lójú títì, tí ọkọ̀ bẹntiróòlù bá ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan, tí ọkọ̀ dísù tó bá a ṣe ẹgbẹ́ ń rin 14, kìlómítà kan á gba ₦100 lọ́wọ́ bẹntiróòlù, á gba ₦85 lọ́wọ́ dísù. Àlọ àti àbọ̀ Ìbàdàn tó bíi kìlómítà 200: ₦3,000 ló kù sápò nìyẹn. Ẹni tó bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ á rí ₦312,000 lọ́dún.

Ẹ wá wo ti inú ìlú. Dísù lè já wálẹ̀ sí kìlómítà 10, bẹntiróòlù sí 8. Ìyẹn jẹ́ ₦119 àti ₦125. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ₦720 péré ni èrè rẹ̀ lọ́sẹ̀, kò pé ₦40,000 lọ́dún. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì dísù ń mu lé ti bẹntiróòlù lórí nìkan lè gbé e mì.

Nínú àpẹẹrẹ yìí, bí dísù bá ti kọjá ₦1,400 nígbà tí bẹntiróòlù ṣì wà ní ₦1,000, èrè ojú títì tán nìyẹn. Ti inú ìlú ti parí látìgbà tó ti kan ₦1,250. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú ṣe ìṣirò yìí, torí bẹntiróòlù rọjú, dísù sì ti bọ́ lọ́wọ́ ìrànwọ́ tipẹ́. Ẹ tún fi èyí kún un: ọkọ̀ bẹntiróòlù ṣeé yí padà sí CNG, ìyẹn gáàsì tí a fún mọ́ra sínú sílíńdà, láìtú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. Ti dísù kò rọrùn bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tí ìrìn kúkúrú ń ṣe fún dísù

Ẹ́ńjìnnì dísù máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó ń pa ọkọ̀, tó tún ń ṣí i lọ sọ́jà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná délẹ̀ kó tó tún tutù. Epo tí kò jóná tán á di èédú dúdú, á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà atẹ́gùn àti ẹnu nọ́sùlù.

Èyí tó burú jù ni ti ọkọ̀ tó ní DPF, ìyẹn àsẹ́ kan nínú ọ̀nà èéfín, lójú ọ̀nà sí sálẹ́ńsà, tó ń gba èédú dúró. Ọ̀pọ̀ tọ́kùnbọ̀ dísù tó jáde ní Yúróòpù láti nǹkan bí 2009 ló ní in. Bí àsẹ́ yìí bá kún, ọkọ̀ á fẹ́ sun èédú inú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kó tó lè ṣe é. Ìrìn ojú títì bíi ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, láìdúró, ló ń gbà. Láàárín ìlú, kì í sábà ráyè parí iṣẹ́ náà. Ní gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì pa á lẹ́nu iṣẹ́, dísù tó yẹ kó jó á máa rọra ṣàn wọnú ọ́ìlì. Nítorí náà, bí ẹ bá fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì tí ẹ rí i pé ọ́ìlì ń lọ sókè dípò kó máa lọ sílẹ̀, ẹ má dúpẹ́: dísù ló wà níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lójú ẹsẹ̀. Bí iná DPF bá kọ́kọ́ tàn, ẹ mú ọ̀nà Ọ̀yọ́ pọ̀n, kí ẹ lo jíà tó máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí tó 2,000 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má pa á títí iná náà á fi kú. Àmọ́ bí tírélà bá ti dí ọ̀nà náà pa bó ṣe máa ń ṣe, ọ̀nà Ìlọrin ni kí ẹ gbà.

Dísù Yúróòpù, imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan láti 2009; epo tí a ṣe ọkọ̀ wọ̀nyẹn fún nìyẹn. Bí imí ọjọ́ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, DPF kì í pẹ́ lọ́jọ́. Ní tiwa, ẹni tó máa wa ọkọ̀ níhìn-ín á sàn kó wá èyí tí wọ́n ṣe láìní DPF láti ilé iṣẹ́, bíi Hilux tàbí Hiace 2.5 D-4D ti àwọn ọdún àkọ́kọ́. Kí wọ́n gé DPF kúrò lásán láìtún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe, wàhálà ni ẹ fi owó rà.

Epo tó mọ́ ni ẹ̀mí ọkọ̀ náà

Nínú ẹ́ńjìnnì common rail, ìyẹn dísù ìgbàlódé tí páìpù kan ń pín epo fún gbogbo nọ́sùlù, ohun tó ń ti epo wọ nọ́sùlù lè lágbára tó 1,600 sí 2,000 bar. Omi díẹ̀ tàbí iyanrìn tí ojú kò lè rí ti tó láti ba nọ́sùlù jẹ́, kò sì sí ọkọ̀ bẹntiróòlù lásán tó mọ irú ìnáwó yẹn. Ẹ ra dísù níbi tí tírélà ti ń tò. Epo kì í pẹ́ nínú táǹkì ilẹ̀ irú ilé epo bẹ́ẹ̀, torí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tà á tán. Èyí tó ti jókòó fún oṣù kan lábẹ́ ilẹ̀ ti ń kó omi jọ, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì ń hù láàárín omi àti epo, wọ́n á di yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ dúdú tó ń dí fílítà. Bí ẹ bá rí táńkà tó ń já epo lọ́wọ́, ẹ kọjá lọ síbòmíràn lọ́jọ́ náà, torí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ti rú sókè.

Ẹ bu epo náà sínú ìgò funfun kan. Dísù tó dára máa ń mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ á pupa díẹ̀ bí oyin tó ṣàn. Bó bá ṣú bí omi gààrí, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì: omi á sùn sísàlẹ̀. Ẹ tún kán díẹ̀ sórí bébà: dísù á fi àmì ọ̀rá sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú á tètè gbẹ. Kẹrosíìnì kò ní ọ̀rá tó ń bo pọ́ǹpù epo lára, bẹ́ẹ̀ epo inú rẹ̀ nìkan ni pọ́ǹpù náà fi ń yọ̀ kiri.

Lábẹ́ fílítà dísù, ìdè kékeré kan wà tí a fi ń da omi jáde. Lásìkò òjò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: ẹ gbé ife sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú ìdè náà díẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fílítà títí dísù tó mọ́ á fi máa jáde, kí ẹ wá dè é padà. Ẹ máa pààrọ̀ fílítà náà ní gbogbo kìlómítà 10,000, tó bá jẹ́ epo kẹ́ẹ̀gì ni ẹ máa ń rà, kí ẹ ṣe é ní 5,000.

Kẹ́ẹ̀gì ló tún ń fa àṣìṣe tó wọ́n jù: kí wọ́n da bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ dísù. Ẹnu pọ́ǹpù dísù sábà máa ń tóbi ju ti bẹntiróòlù lọ, kì í wọ ẹnu táǹkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù òde òní. Ṣùgbọ́n ti bẹntiróòlù á wọ ti dísù wọ̀ọ̀. Bí bẹntiróòlù bá ṣèèṣì wọ ọkọ̀ dísù, ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ rárá, kódà láti ṣí rédíò, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pọ́ǹpù inú táǹkì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ. Ẹ ti ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n da gbogbo epo inú táǹkì jáde, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà. Bí ẹ kò bá tíì ṣí i, ìnáwó náà ò ju ìyẹn lọ.

Ọ́ìlì, bátìrì, tọ́bò

Lára ike ọ́ìlì, ẹ wá lẹ́tà C, bíi CH-4 tàbí CI-4. Lẹ́tà S jẹ́ ti bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì Hilux 2.5 ń gba bíi lítà méje, nígbà tí ọkọ̀ bẹntiróòlù kékeré ń gba mẹ́rin. Kìlómítà 5,000 ni kí ẹ fi máa pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì kékeré kò lè gbé e: 90 sí 100 Ah ló yẹ ẹ́. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró títí iná híítà púlọ́ọ̀gì (èyí tó kàn ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná, kì í ṣe èyí tó ń ṣáná) á fi kú, kí ẹ tó ṣí i. Lásìkò ọyẹ́ yìí náà, ẹ gbọn eruku fílítà atẹ́gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá dé láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì lè tu tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, lára.

Bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀

Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣí i. Bó bá gbóná, wọ́n ti ṣí i dè yín. Ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Èéfín dúdú tí kò dáwọ́ dúró túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, fílítà tàbí nọ́sùlù ni. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, epo tí kò jóná tàbí omi radiétọ̀ ni. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ tú ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ fi í lé ẹnu ihò náà láìdè é: bí atẹ́gùn bá ń gbé e fò, rínngì ti jẹ. Kí mẹkáníìkì tó mọ dísù fa ọ̀pá kékeré láti ẹnu ibi tí epo ti ń padà lára nọ́sùlù kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀, kó ṣí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan. Nọ́sùlù tí ìgò rẹ̀ bá kún ju tàwọn yòókù lọ ti ń kú lọ. Mẹkáníìkì tírélà lè mọ pọ́ǹpù àtijọ́ bí ẹni mọwó, kó má mọ common rail. Ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí awakọ̀ dísù mọ̀. Bí tọ́bò bá jẹ tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀nà atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì lè máa fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣiṣẹ́: á máa pariwo sókè sí i, èéfín á bo gbogbo àdúgbò, bí ẹ sì tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní í kú. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníjíà ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ fi sí jíà tó ga jù, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Bó bá jẹ́ ọ́tò, pákó pẹlẹbẹ tàbí ìwé ńlá líle ni kí ẹ fi dí ẹnu ihò tó ń fa atẹ́gùn wọlé, ẹ má fi ọwọ́ lásán, ẹ má sì dúró níwájú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn tó bá kú, ẹ fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má tún ṣí i títí wọ́n á fi tú tọ́bò, tí wọ́n á sì da gbogbo ọ́ìlì tó ti kó sínú páìpù atẹ́gùn nù.