Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹni tó ń tọ́jú Màmá mi n'Íbàdàn

Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, Ìbàdàn ni Màmá wà. Láàárín oṣù mẹ́jọ, olùtọ́jú mẹ́ta ló fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni kẹta lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi ìwẹ̀ Màmá ṣì wà lórí iná.

Mo fi kún owó oṣù, kò yí nǹkan kan padà. Mo gba ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì tó ń báni wá òṣìṣẹ́, òfo. Ìgbà tí mo pe ọ̀kan nínú àwọn tó ti lọ ni mo tó gbọ́ òótọ́: ìdajì ni mọ̀lẹ́bí tí mò ń fowó rán ń fún un. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. Ẹni tuntun fi NIN àti BVN rẹ̀ ṣí àkáǹtì tirẹ̀. Mo ní kí báńkì mi ní Nàìjíríà máa san owó rẹ̀ tààrà lọ́jọ́ 25 oṣù. Owó oúnjẹ Màmá wà lọ́tọ̀. A tún kọ àdéhùn: iye owó, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, iye ọjọ́ tí a ó fi sọ fúnra wa tẹ́lẹ̀ bí iṣẹ́ bá fẹ́ parí. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́. Mo kà á fún un lédè Yorùbá lórí fóònù kó tó buwọ́ lù ú.

Ó ti pé oṣù mọ́kànlá tó ti wà pẹ̀lú Màmá. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ nílé tiyín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi olùtọ́jú fúnra rẹ̀ pé èló ló ń dé ọwọ́ rẹ̀.