Ẹ̀rọ TENS àti ìlùkìkì ọkàn: ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ṣe

Bàbá kan jókòó síwájú mi, páàdì méjì lẹ̀ mọ́ wọn ní ìbàdí, aago tó ń ka ìlùkìkì ọkàn wà ní ọrùn ọwọ́ wọn. 74 ni aago ń kà nígbà tí wọ́n jókòó. Wọ́n yí agbára TENS, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná dín ìrora kù, sókè, wọ́n tún yí i sí i, ojú wọn le koko, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni fẹ́ jà. Aago fò sí 93.

"Ṣé o rí i báyìí? Iná yìí ti dé ọkàn mi."

Mo ní kí wọ́n yí i wálẹ̀ títí yóò fi rí bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tó kú bá ń jí padà, kí wọ́n sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí aago fi padà sí 76. Iná ṣì ń ṣiṣẹ́ lára wọn nígbà náà. Ìrora ló lọ.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyẹn: kéèyàn yí agbára sókè títí yóò fi máa dùn ún, torí ó gbà pé bó bá ṣe le tó ló ṣe ń wo èèyàn sàn tó. Iná TENS kéré, bátìrì ló ń gbé e, àárín páàdì méjèèjì ló sì ń gbà kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ìfọwọ́kàn lọ sí ọpọlọ, kí ìròyìn ìrora má baà rọ́nà kọjá ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrora, Melzack àti Wall, ló ṣàlàyé ní 1965 pé ohun kan wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn tó dà bí ẹnu ọ̀nà, tó lè tì mọ́ ìrora. Tí iná bá di ìrora fúnra rẹ̀, ara á ta gìrì, ọkàn á sì máa sáré, bó ṣe máa ń sáré téèyàn bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta. Lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá, tí agbára iná sì mọ níwọ̀n, ìyàtọ̀ tó máa ń bá ìlùkìkì ọkàn kì í pọ̀, ẹlòmíì kò tiẹ̀ ní rí kankan. Nítorí náà, ẹ má fi TENS wo ọkàn tó ń sáré. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí iná ti lè yí ìlù ọkàn padà ní tòótọ́ gan-an ni kò yẹ kí páàdì dé. Ẹ fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ ó gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù níbẹ̀. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ohun tó ń ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà. Tí iná bá ta á, á rò pé ìfúnpá ti ròkè, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á fa ìjánu ọkàn, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì dẹ̀. Èèyàn lè ti orí àga ṣubú lulẹ̀, kó dákú. Ẹran ọ̀fun náà lè fún, kí èémí máà ráàyè. Ẹ̀yìn ọrùn yàtọ̀ o; ibẹ̀ la máa ń lẹ páàdì mọ́ fún ọrùn tó ń dunni. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni mo ń sọ.

Àwọn kan máa ń lẹ páàdì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọrùn kí ọkàn wọn lè rọra lù. Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti ń wá. Àwọn èèyàn ti gbọ́ nípa vagus, iṣan tó ń dẹ ìlù ọkàn. Òótọ́ ni: láti 1845 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Weber ní Jámánì ti fi hàn pé tí iná bá ta iṣan yìí, ọkàn á rọra lù, á tiẹ̀ lè dúró. Ní 1997, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ vagus tí wọ́n ń rì sínú ara nítorí wárápá. Ẹ wo ibi tí àwọn dókítà ń so ó mọ́: vagus tó wà ní òsì ọrùn, torí pé tọ̀tún ló ń lọ jù sí ibi tí ìlù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ ń rọra ṣe báyìí lẹnìkan fẹ́ fi páàdì ìbàdí ṣe níwájú dígí!

Ẹ má sì lẹ páàdì kan síwájú àyà kí èkejì wà lẹ́yìn. Iná á gba àárín àyà kọjá.

Fún ẹni tó ní pacemaker, ìyẹn ẹ̀rọ inú àyà tó ń bá ọkàn dá ìlù, tàbí ẹ̀rọ tó ń fi iná tún ọkàn ṣe tó bá ń lù ségesège, "orúnkún mi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó jìnnà sí àyà" kì í ṣe àwíjàre. Ẹ̀rọ inú àyà lè ka iná TENS sí ìlù ọkàn tó ti dàrú, kó wá ta ọkàn tí kò ṣe nǹkan kan. Dókítà ọkàn ni kó sọ bóyá ó ṣeé lò.

Ti kíka ìlùkìkì ọkàn ni ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnìkan gun àtẹ̀gùn dé, ó mu kọfí, ó lẹ páàdì mọ́ra, ó wá ní TENS ló gbé ọkàn òun dé 100. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín kà á ní ọrùn ọwọ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀, ó lè ṣì yín lọ́nà. Láàárín 60 sí 100 ló yẹ kó wà fún àgbàlagbà tó ń sinmi. Tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń dẹ ìlù ọkàn, tiyín lè wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya ìlù ọkàn sórí bébà, fún yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ sì pa TENS, torí iná rẹ̀ máa ń ya gọngọ-gọngọ lórí bébà, dókítà lè máa wá àìsàn tí kò sí.

Ẹ̀rọ míì tún ní bọ́tìnì méjì, TENS àti EMS. EMS ń mú kí ẹran ara sún kì, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ fún ara, ọkàn lè sáré sí i díẹ̀.

Èyí tí mi ò fi ṣeré rárá: èjìká òsì tàbí apá òsì tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, tí àyà fún mọ́ ọn, tí òógùn tútù bò yín tàbí tí èémí kò délẹ̀. Ẹ má lẹ páàdì mọ́ ibẹ̀ rárá. Tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹnìkan gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.