Iṣu méjì-méjì àti aṣọ pupa

Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ilé bàbá mi ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi, èmi ni mo sì ń mójú tó o látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dun bàbá. Ọdún tó kọjá le fún wa. Atẹ́gùn ṣí páànù ẹ̀yìn ilé lóṣù kẹrin, kò pẹ́ sí i, ẹ̀rọ tó ń fa omi tún jó. Àwọn ayálégbé ló dá owó tá a fi tún ẹ̀rọ ṣe kí n tó rówó dá padà fún wọn. Kò sẹ́ni tó bú mi. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ní mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́.

Orí WhatsApp ilé ni mo kọ́kọ́ gbé e gbà: "Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín." Èèyàn méjì fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àwa níbí, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń kíni láàárọ̀, òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà la fi ń kí ẹni tí nǹkan ṣe: "Òkun o." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá ní Òkun. Èèyàn lè fi kí aládùúgbò kọjá fún ọdún mẹ́wàá láì wo ojú rẹ̀.

Ni mo bá mú ìwé, mo kọ nọ́ńbà fúláàtì sílẹ̀, mo wá ń ronú ohun tí oníkálukú ṣe gan-an. Agùnbánirọ̀ tó wà ní àkọ́kọ́ ló ń jí lóru pa ẹ̀rọ omi kí omi má baà ṣàn dànù. Ìyá Bùnú ní ìkẹta ń gbá àtẹ̀gùn kódà nígbà tí kò kàn wọ́n. Tíṣà ní ìkẹrin ló gun òkè lọ fi tapólì bo ibi tó ṣí. Ìkarùn-ún ló fún mi níṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá yẹn, ẹjọ́ ni lójoojúmọ́! Mo jókòó ti ìwé náà títí tíì mi fi tutù, kí n tó rántí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ san owó iná, ẹnì kan kì í bi í.

Mo ra iṣu méjì-méjì àti igo epo kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni gbogbo ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wo ti ẹlòmíì. Aṣọ pupa kan tó pọ́ọ́kú ni mo gé láti fi dì í.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Bùnú ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n wo ẹrù ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi.

"Ta ló kú?"

Ní Bùnú, ilẹ̀ wọn, aṣọ pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, òkú olóyè àti àgbà ńlá ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Ẹnu mi gbẹ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n lọ tú u. Ọ̀rá lásán ni mo fi di gbogbo rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà oníkálukú ni mo dúró sí, mo sọ ohun tó ṣe. Agùnbánirọ̀ ní òun ò mọ̀ pé ẹnì kan rí òun.

Bọ̀ọ̀dá ìkarùn-ún gbọ́ ọ̀rọ̀ owó iná, ó gba iṣu, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti jẹrà. Ó ní: "Òkun o. Táǹkì tó ń jò ńkọ́?"

Mo pe púlọ́mbà lọ́jọ́ kejì.