Bí a ṣe ń kọ ìtàn bàbá tó ṣe káfíńtà, tó sì jagun

Nígbà tí bàbá mi kú, ẹni tó ń bá wa tẹ ìwé ètò ìsìnkú ní ká mú ìtàn ìgbésí ayé wọn wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí a rí kọ kò ju ìlà mẹ́jọ lọ: wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n fẹ́ràn ọmọ, wọ́n lawọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ta ni wọn kì í kọ ọ́ fún? Wọ́n lò ju ọgọ́rin ọdún lọ láyé. Ó dùn mí débi pé mo fi odidi ọdún kan kó ìtàn wọn jọ lẹ́yìn náà. Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Bí tiyín bá ṣì wà láyé, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìwà sílẹ̀ ná, kí ẹ wá nǹkan tí ọwọ́ wọn kàn. Èmi lọ ṣí àpótí irinṣẹ́ wọn: ayùn méjì, òòlù kan, àti ìfági tí ibi tí àtàǹpàkò wọn ń tẹ̀ ti jẹ wọnú. Nígbà tí mo kó wọn kúrò tí mo dojú àpótí náà dé, mo rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí ìdí rẹ̀, ìfági ti ha ìdajì rẹ̀ dànù. Àpótí ọta ìbọn ni. Ó ti wà ní igun ilé wa kí wọ́n tó bí mi, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tó ti wá. Ẹ ya fọ́tò irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ẹni tó fún wọn tàbí ibi tí wọ́n ti rà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ níbi tó wà. Mo dé ilé márùn-ún. Ní ọ̀kan, ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ṣe ṣì ń ṣí, ó sì ń padé láìdún. Onílé sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi tú u tò nítorí pé ó ń ha ilẹ̀, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Mo pa “olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n” rẹ́ nínú ìwé mi, mo fi ọ̀rọ̀ onílé yẹn rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ orí ni yóò yọ yín lẹ́nu jù, torí ọ̀pọ̀ bàbá ìgbà yẹn ni kò ní ìwé ìbí. Ìwé ológun bàbá mi ní 1946 ni wọ́n bí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sọ pé lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru, tí àwọn adìyẹ ń wọlé sùn, àbúrò òun sáré tẹ̀lé òun láti oko, ó ń ké. 20 oṣù karùn-ún 1947 ni oòrùn ṣókùnkùn. Ọmọ ọdún kan kò lè sáré láti oko délé! Nítorí náà, ẹ má bi àgbà pé “ọdún wo ni?” Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ (oṣù kìíní 1955), bóyá ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà (ó yí sí ọ̀tún ní 2 oṣù kẹrin 1972), bóyá pọ́n-ùn ni wọ́n san àbí náírà, tó dé ní 1 oṣù kìíní 1973. Ìyá mi rántí pé ṣílè ni oníbàárà àkọ́kọ́ kà lé bàbá mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ṣọ́ọ̀bù wọn ti ṣí kí náírà tó dé.

Ti ogun gba sùúrù. Wọ́n ja ogun abẹ́lé lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Marine Commando. Ẹ wo nọ́ńbà ológun tó wà lórí ìwé wọn: 67NA tó bẹ̀rẹ̀ ti bàbá mi ló fi hàn pé 1967 ni wọ́n wọṣẹ́. Orúkọ ìlú tí wọ́n ti jà náà a máa tọ́ka sí ọdún. Oṣù keje 1967 ni ẹgbẹ́ náà wọ Bonny, oṣù kẹwàá ni Calabar, oṣù karùn-ún 1968 ni Port Harcourt.

Ẹ má ṣe bi ẹni tó jagun pé èèyàn mélòó ló pa. Ìbéèrè burúkú ni. Ẹ kúkú bi wọ́n pé: bàtà wo ni wọ́n wọ̀? Ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi bàbá mi ní irú rẹ̀. Wọ́n ní lójú ọ̀nà Port Harcourt, pákó àpótí ọta ni àwọn ń tẹ́ sílẹ̀ sùn kí omi òjò má baà gbé àwọn. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Ọjọ́ tí mo dojú àpótí irinṣẹ́ yẹn dé ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ẹ kọ ìdákẹ́jẹ́ náà síbẹ̀, ẹ má fi ìtàn ogun ẹlòmíràn dí àlàfo rẹ̀. Gbogbo 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, bàbá mi kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ ìyẹn náà.

Ẹ pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá wà pa pọ̀, àkọ́bí ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà mọ bàbá tó le bí òkúta. Àbúrò wa kékeré mọ bàbá tó ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù láti gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Méjèèjì ni mo kọ, mi ò gbìyànjú láti bá wọn parí rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e lọ fún atẹ̀wé, ẹ kà á sókè fún àwọn ọmọṣẹ́ wọn. Àgbà nínú wọn, tó ń lọ sí àádọ́rin ọdún báyìí, jókòó gbọ́ tèmi láì sọ nǹkan kan, títí mo fi dé ibi ilẹ̀kùn ńlá yẹn, tí mo pè ní ìrókò.

“Igi apá ni, ọmọ ọ̀gá mi,” ló wí. “Orí mi ni mo fi ru pákó yẹn dé ṣọ́ọ̀bù.”

Mo fa ìrókò rẹ́, mo kọ apá.