Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Rajà: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Fi Ìró Pín Ìmọ́lẹ̀

Bí ẹ bá tan léésà gba inú omi tí ìró tó ga ju èyí tí etí ń gbọ́ ń gbà kọjá, ìmọ́lẹ̀ á pín sí àmì mélòó kan lára ògiri: ọ̀kan láàárín, àwọn yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ń dán an wò nílé ni mò ń bá wí.

1. Ẹ má pe iṣẹ́ Nagendra Nath yìí ní "Raman effect". Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ padà bó bá kọlu nǹkan: 1928 ni Raman, onímọ̀ físíìsì ará Íńdíà, rí i, ó sì gba Nobel lórí rẹ̀ ní 1930. Ti ìró àti ìmọ́lẹ̀ yìí, òun àti Nath ni wọ́n jọ kọ ọ́ ní Bangalore, ní 1935 sí 1936. Nath ni onímọ̀ ìṣirò àárín wọn, orúkọ rẹ̀ lẹ sì máa ń gbàgbé.

2. Ẹ má lo omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ jáde. Afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, á sì dí ìró lọ́nà.

3. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tún gbé ike olójú méjì bí òwìwí, èyí táwọn ọmọ róbọ́ọ̀tì ń lò láti fi ìró wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, wá bá mi ní Sábó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ìmọ́lẹ̀ ò yà." Báwo ló ṣe máa yà? 40 kílóhẹ́ẹ̀tì ni nǹkan yẹn, ìgbà 40,000 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Nínú omi, ìró ń sá tó 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 40,000 pín in: ìgbì kan gùn tó 37.5 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ ìgbì tó bá gùn kì í ya ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Bí léésà pupa bá kọjá níbẹ̀, lára ògiri tó jìnnà ní mítà 6, àmì ẹ̀gbẹ́ á fi 0.1 mìlímítà péré yà sí ti àárín. Ojú ta ló máa rí i? Dískì tó ń sọ omi di ìkùukùu, tó jẹ́ 1.7 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì (ìgbà mílíọ̀nù 1.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), á fún yín ní mìlímítà 4.4. Ẹ fi léńsì sọ àmì léésà di kékeré, ẹ ó rí i kedere. Bírò àti ìwé lásán ló gbà, ọmọ yìí ti náwó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Àbí ta ni mò ń bú? Èmi náà ti fi ọ̀rá wé sípíkà rì sínú àgbá omi rí, tí mò ń kọ orin sí i. Ìgbì rẹ̀ gùn ju àgbá lọ. Sípíkà kú, àlùbọ́sà ni ìyàwó mi ń kó sínú páálí rẹ̀ báyìí.

Èyí tó kàn, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́: bí àmì àárín bá ṣókùnkùn, ẹ má sáré lọ pààrọ̀ bátìrì léésà. Ìró ń mú kí omi ki níbì kan, kó fúyẹ́ níbòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ibi tó ki kọjá á fà sẹ́yìn díẹ̀. Nath ṣírò rẹ̀ pé bí ìró bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni ti àárín á máa pín tirẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbẹ́. Bátìrì mẹ́rin ni mo rà kí n tó ka ibẹ̀.

Ẹ má tanná sí dískì náà láìsí omi lórí rẹ̀. Mo ti sun mẹ́ta.