Bí Ará Àjàṣẹ́ Ṣe Lè Mọ Grand-Popo Kọjá Etíkun

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí a máa ń lọ najú sí Grand-Popo, ìlú etíkun ilẹ̀ Benin nítòsí Tógò, ní òpin ọ̀sẹ̀ kì í rí ju yanrìn, igi àgbọn àti ẹja díndín lọ. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà lọ, nítorí náà ẹni tó bá kọjú sí òkun nìkan kò lè rí ìtàn rẹ̀. Ẹ wá àyè láti sùn níbẹ̀ ní alẹ́ kan, ó kéré tán.

Ẹ gbéra ní ìdájí. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnù tó kìlómítà 30. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Hillacondji, ẹnubodè Tógò, ẹ ó sì tètè sọ fún awakọ̀ pé oríta Grand-Popo ni ẹ ń lọ, nítorí pé ìlú kò sí lójú títì gan-an, zémíjàn, ọ̀kadà akérò, ni yóò sì gbé yín wọlé síhà òkun.

Ẹ fi ìtàn méjì sọ́kàn kí ẹ tó débẹ̀. Ìtàn ìdílé Odùduwà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ máa ń sọ ka Olúpópó, ọba Pópó, mọ́ àwọn ọmọ ọba, pẹ̀lú Alákétu àti Oníṣábẹ, wọ́n sì ní ìlẹ̀kẹ̀ ni ó jogún. Ṣùgbọ́n àwọn Xwla, ẹ̀yà tí wọ́n ni ilẹ̀ Grand-Popo, kì í pe ara wọn ní Pópó, Tado, ìlú àtijọ́ kan ní Tógò, ni wọ́n sì ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun wọn. Bí àgbà kan bá sọ èyí fún yín, ẹ má ṣe bá a jiyàn: ìdílé ọba Àjàṣẹ́ pàápàá ń ka ìran wọn gba Allada dé Tado.

Ní àárọ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó bá etíkun lọ, níbi tí díẹ̀ nínú ilé àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ṣì kù. Wọ́n kọ́kọ́ ta ẹrú níbí, lẹ́yìn náà ni epo pupa gba ipò rẹ̀. Kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí, nítorí náà àwọn atukọ̀ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n la ìgbì kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ òyìnbó. Ní 1885, Faransé àti Jámánì pín etíkun náà: Petit-Popo, tí a mọ̀ sí Aného lónìí, bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, Grand-Popo sì di ti Faransé. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ afárá ìkẹ́rù (wharf) sínú òkun ní Kútọnù, àwọn ọkọ̀ ńlá yà síbẹ̀, ìlú yìí sì rọlẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn àlejò ń yìn báyìí, àjẹkù òwò ni. Ẹ yà sí Villa Karo, ilé àṣà tí àwọn ará Finland dá sílẹ̀ ní 2000.

Ọ̀sán ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún odò Mono, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlú gan-an wà lójú tèmi. Ẹ dá iye owó ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì bèèrè bóyá yóò dé Bouche du Roy, níbi tí odò ti pàdé òkun. Orúkọ náà jọ «ẹnu ọba» ní èdè Faransé, ṣùgbọ́n kò sí ọba kankan nínú rẹ̀: àwọn Potogí ní «ẹnu odò», Faransé sì ṣì í gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ní kí wọ́n gbé yín dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀. Wọ́n máa ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ jọ, wọ́n á fi omi sẹ́ ẹ nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì se omi náà títí iyọ̀ yóò fi dì. Ẹ rà díẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ sì kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Wọ́n lè mú yín lọ wo Zangbeto, eégún olùṣọ́ òru tí a ní ní Àjàṣẹ́ náà, ní abúlé Hèvè. Ará Àjàṣẹ́ tó bá sanwó àlejò láti wo Zangbeto, ó mọ ohun tó ń wá.

Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, nítorí pé omi abẹ́ ìgbì ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú nígbà tó kún, kí ó lọ nígbà ọdún àwọn onívodun nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tàbí ní Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí àwọn ọmọ Xwla àti ti ẹ̀yà Xweda máa ń padà wálé fún Nonvitcha, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1921. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti gba yàrá ṣáájú.